Ìyá Onígàrí àti Ọfà Orí Òrùlé Mi

Ìyá tó ń yan gàrí lẹ́yìn ilé wa ló kọ́kọ́ sọ fún mi pé ẹ̀rọ tí mo fi ń wọn afẹ́fẹ́ ń purọ́. Oṣù Agẹmọ ni, òjò ti rọ̀ láàárọ̀, ilẹ̀ ṣì tutù. Mo dúró lẹ́bàá ààrò wọn, mo ń fi fóònù mi hàn wọ́n bí ẹni tó ń fi àkọ́bí rẹ̀ hàn aráyé. Mo ní, "Màmá, ẹ wò ó, àríwá ni atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá báyìí." Wọn ò tilẹ̀ wo fóònù. Wọ́n fi igbá tí wọ́n fi ń yí gàrí nàka sí èéfín tó ń jáde lábẹ́ agbada. "Tíṣà, ṣé o rí èéfín yìí? Níbo ló ń lọ? Bó bá jẹ́ ọ̀hún yẹn ni atẹ́gùn ti ń bọ̀, ṣebí ojú mi ni ì bá máa wọ̀. Àbí ọyẹ́ ló dé lóṣù Agẹmọ?" Àwọn ọmọ tó ń bó ẹ̀gẹ́ bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ẹ̀tẹ́ ni.

Mo ń kọ èyí nítorí àwọn tó fẹ́ gbé irú ẹ̀rọ yìí sílé wọn. Ẹni tó jìn sí kòtò ló ń kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n, kòtò tí èmi sì jìn sí kì í ṣe ẹyọ kan.

Tíṣà ni mí, jọ́gíráfì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdírì níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ní ìparí oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 2022, ìjì kan jà lóru, ó ká páànù kíláàsì méjì, ó gbé ọ̀kan lọ kọ́ sórí igi kaṣú. Nígbà tí a padà sí ẹnu ẹ̀kọ́, ọmọ kan nawọ́ sókè: "Sà, báwo ni eré afẹ́fẹ́ yẹn ṣe tó?" Mo sọ̀rọ̀ yípo yípo. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń kọ́ wọn nípa ohun èlò ojú ọjọ́, mo ti ya ife mẹ́ta àti ọfà sójú bọ́ọ̀dù láìmọye ìgbà, n kò sì fọwọ́ kan ọ̀kan rí láyé mi. Ìtìjú yẹn ló yọ owó lápò mi. Ẹ̀rọ alábọ́dé kan ni mo rà, irú èyí tí wọ́n ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tó ń wọn ooru, òjò àti afẹ́fẹ́. Owó oṣù mi kan àti ààbọ̀ ló bá a lọ. Ìyàwó mi ò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta.

Ti ooru àti ti òjò, ẹni tó bá lè ka ìwé inú páálí á rí i ṣe. Afẹ́fẹ́ ni ọ̀ràn. Ohun méjì ló ń wọ̀n ọ́n. Èkíní ni ife mẹ́ta tó so pọ̀ tó ń yí. Mágínẹ́ẹ̀tì kékeré kan wà nísàlẹ̀ rẹ̀; nígbàkúùgbà tó bá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ síwíìṣì kan tó wà nínú ìgò tín-ín-rín, síwíìṣì náà á pa dé, ẹ̀rọ á kà á sí ẹyọ kan. Nínú irú tèmi, bí ó bá ka ẹyọ kan láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, eré afẹ́fẹ́ náà jẹ́ kìlómítà 2.4 ní wákàtí. Èkejì ni ọfà, tí ìdí rẹ̀ fẹ̀, tí ẹnu rẹ̀ sì máa ń kọjú sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀. Ibi tó ti ń bọ̀ ni mo wí o, kì í ṣe ibi tó ń lọ. Mo mọ tíṣà tó ń kọ́ ọmọ ní òdìkejì rẹ̀ títí dòní.

Ife mẹ́rin ni Robinson ará Ireland kọ́kọ́ fi ṣe tirẹ̀ ní ọdún 1846. Patterson ará Kánádà ló wá fi hàn ní ọdún 1926 pé mẹ́ta dára jù. Ọgọ́rin ọdún ni ayé fi ronú lórí iye ife. Èmi rò pé ọ̀sán Sátidé kan ni n óò fi gbé e dúró.

Orí ìdúró táǹkì omi wa ni mo kọ́kọ́ gbé e sí. Irin ti wà níbẹ̀, ihò bóòtù ti wà níbẹ̀, àkàbà wa sì tó o. Mo dè é mọ́ ẹ̀gbẹ́ táǹkì lítà 2,000, mo sọ̀ kalẹ̀, mo nu ọwọ́ mi. Ní ọjọ́ kẹta, mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ewé mángòrò ń jó, ẹ̀ka wẹ́wẹ́ ń mì, eruku àti ọ̀rá píọ̀wọ́tà ń fò kiri ojú títì. Ẹ̀rọ mi ní kìlómítà 3. Lórí òṣùwọ̀n Beaufort tí mò ń kọ́ ọmọ, èyí tí a fi ń mọ eré afẹ́fẹ́ láti ara ohun tí ojú rí, afẹ́fẹ́ tó bá ti ń gbé eruku àti bébà ti tó kìlómítà 20 sí 28 ní wákàtí. Beaufort fúnra rẹ̀, ọ̀gá nínú ọkọ̀ ogun ojú omi, ò sì ní ẹ̀rọ kankan nígbà tó gbé òṣùwọ̀n náà kalẹ̀ lọ́dún 1805. Ohun tí afẹ́fẹ́ ń ṣe sí ìgbòkun ọkọ̀ ojú omi ló ń wò. Èmi ní ẹ̀rọ, mo ní ojú, àwọn méjèèjì ń bá ara wọn jà, ẹ̀rọ ni mo gbè lẹ́yìn. Nígbà tí n kò lè gbè é mọ́, mo ránṣẹ́ èébú sí ẹni tó tà á fún mi pé ayédèrú ló kó fún mi. Mo padà tọrọ àforíjì lẹ́yìn oṣù kan, ó ṣe mí bíi kí ilẹ̀ lanu.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé táǹkì ń dí afẹ́fẹ́ lápá kan, ògiri àti òrùlé ń dí i lápá kejì. Ẹ lọ wo odò tó ń ṣàn kọjá lára òkúta ńlá: ẹ̀yìn òkúta yẹn, omi á máa yí po níbẹ̀, ewé tó bá bọ́ sí i kò ní mọ ibi tí yóò gbà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọfà mi ń ṣe lẹ́yìn táǹkì, bí ẹni tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ láti ilé mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà.

Ohun tí ì bá ti gbà mí kò náni ní kọ́bọ̀. Ẹ gé ọ̀rá náílọ́ọ̀nù tẹ́ẹ́rẹ́, kí ó gùn tó apá, ẹ so ó mọ́ orí ọparun gígùn, kí ẹ wá máa gbé e rìn káàkiri àyíká ilé yín lọ́jọ́ tí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́ dáadáa. Níbi tí ọ̀rá bá ti nà gbọọrọ sí apá kan, tí ó dúró bẹ́ẹ̀, afẹ́fẹ́ gidi wà níbẹ̀. Níbi tó bá ti ń ká, tó ń lọ́, tó ń rọ̀ wálẹ̀, ẹ má gbé ẹ̀rọ síbẹ̀ bó ti wù kí ihò bóòtù pọ̀ tó. Nígbà tí mo dán an wò lórí ìdúró táǹkì, ọ̀rá náà wé mọ́ ọparun bí aṣọ ìborí.

Mo wá lọ ka òfin. Àjọ ojú ọjọ́ àgbáyé, WMO, ní kí ohun èlò afẹ́fẹ́ ga ní mítà 10 lórí ilẹ̀ gbalasa, kí ó sì jìnnà sí ohun tó lè dí i ní ìlọ́po mẹ́wàá gíga nǹkan náà, ó kéré tán. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ní irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ láàárín ìlú? Pulọ́ọ̀tì wa jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 50 sí 100, ìyẹn mítà 15 sí 30. Mángòrò tó wà níwájú ilé ga tó mítà 8. Mítà 80 láti ìdí mángòrò yẹn, inú pálọ̀ ẹlòmíì ni. Ìwà ọmọlúàbí tó kù fún ẹni tó ń gbé láàárín ìlú ni pé kí ó gbé e ga dé ibi tí agbára rẹ̀ mọ, kí ó sì kọ ohun tó yí i ká sínú ìwé. Ojú ìwé kìn-ín-ní nínú ìwé mi báyìí, àwòrán àyíká ilé ni: mángòrò ní àríwá, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní ìwọ̀-oòrùn, gíga wọn, ìjìnnà wọn. Bí afẹ́fẹ́ bá ti apá mángòrò wá, mo máa ń fàmì sí i pé mángòrò ti bu tirẹ̀ mu kó tó kàn wá.

Ó di orí òrùlé. Wẹ́dà bá mi gé páìpù irin, ó ta mítà 3 sókè ṣóńṣó òrùlé, àpapọ̀ rẹ̀ láti ilẹ̀ sì ń lọ sí mítà 8. Afẹ́fẹ́ tó bá kọlu ilé máa ń gun òrùlé lọ sókè, ó máa ń yára sí i bó ṣe ń fò ó kọjá. Bí ife bá sún mọ́ páànù jù, irọ́ ni yóò máa pa. N kò rí ẹni sọ fún mi pé páìpù tó gùn báyẹn nílò wáyà tí yóò fà á sí igun mẹ́ta. Lálẹ́ ọjọ́ tí a gbé e dúró, ó ń mì, ó sì ń kùn sí gbogbo ilé bíi gángan. Ihò tí kápẹ́ńtà lu sí páànù náà kò dí dáadáa, òjò àkọ́kọ́ rọ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì wa. Ẹ dí ihò yín kí ẹ tó sọ̀ kalẹ̀. Àwọn okùn rọ́bà funfun tí mo fi de wáyà mọ́ páìpù, oòrùn jẹ wọ́n tán láàárín oṣù mélòó kan, wọ́n ń já bí ìtàkùn gbígbẹ. Dúdú ni kí ẹ rà. Kí wáyà tó wọ inú ilé, ẹ jẹ́ kí ó rọ̀ sílẹ̀ bí ikùn, kí omi òjò tó ń tọ̀ ọ́ bọ̀ lè kán síta níbẹ̀.

Ibi tí mo ti wá ṣe àṣìṣe tó tún burú jù ni wíwá àríwá. Ọfà ní ojú kan lára tí wọ́n kọ àmì àríwá sí. Ojú yẹn gbọ́dọ̀ kọjú sí àríwá gan-an, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, gbogbo ohun tí ọfà bá sọ ti wọ́. Mo gbé kọ́ńpáàsì fóònù gun òkè. Ní ẹ̀gbẹ́ páìpù ó ní àríwá wà lápá ṣọ́ọ̀ṣì, mo sún sẹ́yìn, ó ní apá ọjà ni, mo tún sún, ó mú ibòmíràn. Irin páìpù ló ń fà á. Mo bínú sí fóònù, mo wá rántí ohun kan tí mo kà nígbà èwe mi nínú ìwé òyìnbó, pé ní ọ̀sán gangan, òjìji igi tó bá dúró ṣánṣán máa ń nà sí àríwá. Ọjọ́ kan láàárín oṣù Òkúdù ni. Mo dúró de aago méjìlá géérégé, mo na okùn tẹ̀lé òjìji páìpù, mo yí ọfà tẹ̀lé okùn, mo fi bóòtù dè é pinpin. Inú mi dùn débi pé mo ya fọ́tò.

Oòrùn ilẹ̀ wa kì í ṣe oòrùn Yúróòpù. Ẹni tó kọ ìwé yẹn ń gbé níbi tí oòrùn ọ̀sán kì í ti í kúrò lápá gúúsù láti ọdún dé ọdún. Àwa ńkọ́? Ògbómọ̀ṣọ́ wà ní nǹkan bí dìgírì 8 sókè ìlà tó pín ayé sí méjì. Láti àárín oṣù Igbe títí di ìparí oṣù Ògún, oòrùn ọ̀sán ti gba orí wa kọjá sí apá àríwá, gúúsù sì ni òjìji ń nà sí. Èmi tí mo ń fi ọ̀pá nàka sí máàpù fún àwọn ọmọ pé oṣù kẹfà ni oòrùn ń dé òpin ìrìnàjò rẹ̀ ní àríwá, èmi náà ni mo gun òrùlé lóṣù kẹfà tí mo pe gúúsù ní àríwá.

Bẹ́ẹ̀ ni aago méjìlá kì í ṣe ọ̀sán gangan lọ́dọ̀ wa. Ìlà dìgírì 15 sí ìlà-oòrùn ni aago Nàìjíríà ń tẹ̀lé, àwa sì wà ní nǹkan bí dìgírì 4 àti ìdámẹ́rin kan. Oòrùn ń lo ìṣẹ́jú mẹ́rin lórí dìgírì kan. Ẹ ṣírò ó: aago méjìlá kọjá ìṣẹ́jú 43 ni oòrùn ń tó dé góńgó lórí wa nígbà náà. Ìṣẹ́jú 43 dà bí nǹkan kékeré, ṣùgbọ́n nígbà tí oòrùn bá wà lókè báyẹn, òjìji ń yí kíákíá, ó ti ju dìgírì 30 lọ tó fi yẹ̀. Àṣìṣe méjèèjì wá ro ara wọn pọ̀: afẹ́fẹ́ tó ń ti gúúsù ìwọ̀-oòrùn bọ̀, èyí tó ń gbé òjò wá fún wa láti orí òkun, ẹ̀rọ mi ń pè é ní àríwá. Èéfín ààrò Ìyá ló tú mi fó. Afẹ́fẹ́ ti fẹ́, a ti rí fùrọ̀ adìẹ.

N kò tètè tún un ṣe. Mo fẹ́ kọ́kọ́ fi hàn pé Ìyá ló ṣì í. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi ń ju koríko gbígbẹ sókè láàárọ̀ láti wo ibi tí yóò bọ́ sí, gbogbo rẹ̀ ló sì ń gbe Ìyá.

Láàárín ìgbà yẹn, oṣù Ògún dé, òjò sì dá bó ṣe máa ń dá lọ́dọọdún. Àwọn àgbàlagbà méjì láti àdúgbò wá kí mi nírọ̀lẹ́. Wọ́n kọ́kọ́ bèèrè àlàáfíà ọmọ àti ìyàwó, wọ́n wá wo òkè, wọ́n ní, "Tíṣà, àgbàdo ń gbẹ lóko o. Ohun tẹ́ ẹ gbé sórí òrùlé yìí, ẹ dákun, ẹ rọra máa lò ó." Wọ́n gbà pé mò ń dí òjò. Mo ṣàlàyé títí ẹnu fi ń ro mí. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ọkùnrin kan wá láti òdìkejì títì, ó fẹ́ ṣe òkú ìyá rẹ̀, ó ní èló ni mo ń gbà láti bá òun dí i di ọjọ́ Sátidé. Bí ẹ bá fẹ́ gbé ẹ̀rọ yìí ró, ẹ pe aládùúgbò yín wò ó kí ẹ tó gbé e sókè. Ẹ jẹ́ kí ọmọ wọn fọwọ́ yí ife náà. Èmi ṣe é lódì.

Oṣù Ọwẹ́wẹ̀ ni mo wá àríwá bí ó ti yẹ. Mo gún igi tó gùn tó mítà kan mọ́ ilẹ̀ tó tẹ́ pẹrẹsẹ, ó dúró ṣánṣán. Ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀, mo fi òkúta sí ṣóńṣó òjìji rẹ̀. Mo fi okùn ṣe òbìrí kan tó gba orí òkúta yẹn yí igi ká. Lọ́sàn-án, nígbà tí ṣóńṣó òjìji padà kan òbìrí náà ní òdìkejì, mo fi òkúta kejì síbẹ̀. Ìlà tó so òkúta méjèèjì pọ̀, láti ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn ló lọ. Òkúta àárọ̀ ni ìwọ̀-oòrùn. Oṣù yòówù kó jẹ́, ibi yòówù kí oòrùn gbà, ọ̀nà yìí kì í tan ni, kò sì nílò aago. Mo tún wo àwòrán ìlú wa láti òkè lórí Google Maps, mo fa ìlà láti òrùlé wa dé ilé gogoro mọ́ṣáláṣí kan tí mo lè rí lókèèrè, ó bá ti òkúta mu. Fóònù náà, nígbà tí mo gbé e jìnnà sí gbogbo irin, ó bá wọn mu. Mo gun òkè, mo yí ọfà padà. Nírọ̀lẹ́ mo lọ bá Ìyá, mo dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, wọ́n bu gàrí kóńgò kan fún mi.

Ẹ ó rò pé ó parí. Ọyẹ́ dé ní oṣù Ọ̀pẹ, ètè wa ń là, ìwé mi sì sọ pé gúúsù ni afẹ́fẹ́ ń ti wá. Ọkàn mi pòrúrù. Mo tún gbé àkàbà. Ẹsẹ̀ mi yọ̀ lórí eruku ọyẹ́ tó bo páànù, wáyà páìpù ni mo rí dì mú. Mo jókòó sórí òrùlé fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ọkàn mi ń lù kì-kì-kì, mo ń ronú lórí ohun tí wọn ì bá sọ níbi ìsìnkú mi: pé kí ló ń wá lókè? Ọfà ò yẹ̀ rárá. Ibi tó yẹ kó kọjú sí ló kọjú sí.

Ọmọbìnrin kan ní SS2 ló rí i. Mo kọ nọ́ńbà ìdarí afẹ́fẹ́ ọjọ́ kan sójú bọ́ọ̀dù ní dìgírì, níbi tí 0 àti 360 ti jẹ́ àríwá, tí 180 sì jẹ́ gúúsù, mo ní kí wọ́n wá ìpíndọ́gba rẹ̀, bí mo ṣe ń ṣe é nílé, bí a ṣe ń ṣe máàkì ìdánwò. Ó ní, "Sà, 350 àti 10 wà níbẹ̀. Àríwá ni àwọn méjèèjì. Tá a bá rò wọ́n pọ̀, tá a pín in sí méjì, 180 ló máa fún wa. Sà, ṣé gúúsù kọ́ nìyẹn?" Kíláàsì dákẹ́. Mo wo bọ́ọ̀dù, mo wo ọmọ náà. Ohun tó bá ń yí po bí ọwọ́ aago, ẹ kò lè pín in bí owó. Ńṣe ni èèyàn máa ń tú ìdarí kọ̀ọ̀kan sí ọ̀nà méjì pẹ̀lú sine àti cosine, iye tó lọ sí àríwá àti iye tó lọ sí ìlà-oòrùn, kí ó ro ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, kí ó tó wá sọ wọ́n padà di ìdarí kan. Bí ìyẹn bá ṣòro, ẹ kàn ka iye ìgbà tí ọfà kọjú sí apá kọ̀ọ̀kan, kí ẹ mú èyí tó pọ̀ jù. Oṣù mẹ́ta ìwé ni mo jókòó tún ṣírò. Ọmọ yẹn, mo ra ìwé àti bírò fún un, ó sì tọ́ sí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nígbà tó di oṣù Èrèlé, ife ò fẹ́ yí mọ́ àfi bí afẹ́fẹ́ bá le. Eruku ọyẹ́ ti wọ ibi tí ó ti ń yí. Mo kán óìlì ẹ́ńjìnnì sí i. Fún ọjọ́ mẹ́rin ó ń yí bí ìrànwú, lẹ́yìn náà óìlì àti eruku para pọ̀ di ẹrẹ̀, ó dúró pátápátá. Mo tú u, mo fọ̀ ọ́ mọ́, mo jẹ́ kó gbẹ, mo dá a padà láìfi ohunkóhun sí i. Láti ìgbà yẹn, bí oṣù méjì-méjì, mo máa ń gùn ún lọ láàárọ̀ tí afẹ́fẹ́ ò bá sí, mo máa ń fọwọ́ ta ife náà, mo máa ń ka iye ìṣẹ́jú àáyá tó fi ń yí kó tó dúró. Bí iye náà bá ń dín kù, ó ti fẹ́ ìwẹ̀.

Àrá ló pa ojú ẹ̀rọ tó wà nínú ilé, lóṣù Igbe 2023. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, afẹ́fẹ́ dá wáí, ọfà ò mọ ibi tí yóò kọjú sí. Lójijì ó yí sí ìlà-oòrùn, nọ́ńbà fò láti 4 sí 58. Mo kọ́kọ́ sọ lọ́kàn pé ẹ̀rọ yìí tún ti gbé irọ́ rẹ̀ dé, torí mo ti gbà pé gúúsù ìwọ̀-oòrùn ni afẹ́fẹ́ òjò. Ìyá ló tún là mí lóye lọ́jọ́ kejì: òjò wẹ́wẹ́ ojoojúmọ́ yàtọ̀, òjò ńlá tó ń ṣú dùdù, tó ń gbé ìjì ṣíwájú, ìlà-oòrùn ló ti ń bọ̀. Òótọ́ sì ni. Ìwé tí mo fi ń kọ́ ọmọ pàápàá sọ pé ìlà ìjì ń rìn láti ìlà-oòrùn lọ sí ìwọ̀-oòrùn jákèjádò ilẹ̀ wa, mo ti kà á kọjá bí orúkọ ìlú tí n kò ní dé. Ìjì tó ká páànù kíláàsì wa náà, ibi tí igi kaṣú wà, ìwọ̀-oòrùn kíláàsì ni.

Àrá sán nígbà mẹ́ta lọ́jọ́ ìjì náà. Ìkẹta ò bá páìpù, ìtòsí ló bá, ṣùgbọ́n wáyà gígùn tó ti òrùlé wọ pálọ̀ gbé e wọlé, iná ojú ẹ̀rọ kú, òórùn ìjóná gba ilé. Ìyá ní kí n má bínú, pé ẹni tó bá na irin sókè, òun ló ránṣẹ́ pe Jàkúta. A ti so páìpù náà mọ́ irin tí a gbá wọ ilẹ̀ dáadáa báyìí, n kò sì jẹ́ kí wáyà kankan láti òkè wọ inú ilé mọ́. Àpótí kékeré tó ń lo sólà ló ń kà á níta, tó ń fi í ránṣẹ́ láìsí wáyà.

Àpótí yẹn, ẹni tó ń tún fóònù ṣe ní Tákíé nílùú wa níbí ló bá mi tò ó. Alẹ́ àkọ́kọ́, ewé ò mì, ó ní kìlómítà 212. Síwíìṣì inú ìgò ni kì í pa dé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó máa ń gbọ̀n bí ilẹ̀kùn tí a tì sílẹ̀ láìkọ́, ẹ̀rọ wá ń ka gbígbọ̀n kọ̀ọ̀kan. Atúnfóònù-ṣe náà kọ ọ́ sínú ẹ̀rọ pé kí ó má ka ohun tó bá tẹ̀lé ara wọn pẹ́kípẹ́kí jù. Láti mọ̀ bóyá ó ti tọ́, a gbé ife náà sórí igi gígùn tó yọ sókè orí mọ́tò ọ̀rẹ́ mi, a jáde ní aago mẹ́fà àárọ̀ ọjọ́ Àìkú nígbà tí afẹ́fẹ́ ò sí, a wa mọ́tò ní 40 géérégé lójú títì Ìlọrin, a lọ, a bọ̀, fóònù ló ń bá wa wo eré ọkọ̀. Ẹ̀rọ ní 41 nígbà tí a ń lọ, 38 nígbà tí a ń bọ̀. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún.

Ní oṣù Bélú ọdún yẹn, lọ́jọ́ Sátidé kan, mo rí Ìyá tí wọ́n ń fa àpótí ìjókòó wọn yí ààrò ká lọ sí òdìkejì. Mo bèèrè ohun tó dé. Wọ́n ní ètè ń gbẹ àwọn láti ìdájí. Mo sáré wọlé lọ wo ẹ̀rọ: gúúsù ìwọ̀-oòrùn, kìlómítà 6. Mo jáde, mo sọ fún wọn pé ọfà ò tíì rí i o.

"Jẹ́ kó fara balẹ̀," ni wọ́n wí, wọ́n da gàrí mìíràn sínú agbada.

Lọ́jọ́ kejì, aago mẹ́wàá kọjá díẹ̀, ọfà yí, ó kọjú sí àríwá ìlà-oòrùn, kò sì padà títí ilẹ̀ fi ṣú.